Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tó Gbóná

Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà.
Ó gbóná.
Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, nínú oṣù Ẹrẹ́nà,
omi dídì ṣì lẹ̀ mọ́ ọgbà bíi gíláàsì,
ọkọ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.
Ọkùnrin tó ń tà á ní òun ò tíì tan án láti àná.
Mo gbọ́. Mo wo ojú Innes, àbúrò mi.
Mo panu mọ́.

Ojú rẹ̀ ló fà á.
Ọdún méjìdínlógún ló fi gé orí ẹja ní Peterhead,
kí wọ́n tó ti ilé-iṣẹ́ pa,
kí wọ́n tó na àpò-ìwé funfun kan sí i.
Ohun tó kù nínú àpò ọ̀hún la gbé wá sí Elgin
láti wá ra ọkọ̀ pupa, oníjókòó méjì,
tó ba mọ́lẹ̀ bí ológbò tó rí ẹyẹ.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún pọ́n-ùn péré.

“Ìyá arúgbó kan ló ni ín,” ni ọkùnrin náà wí,
“ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ.”
Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló jẹ táyà ẹ̀yìn tán bẹ́ẹ̀?
Táyà mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin,
bí ọmọ ìyá kan tí bàbá wọn yàtọ̀ síra.
Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n Innes ti jókòó sínú rẹ̀,
ó ti di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú.

Lọ́jọ́ kejì, Wattie mẹ́káníìkì ò sọ̀rọ̀.
Ó yọ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan nínú àpò,
ó fi lé ilẹ̀kùn: ó lẹ̀.
Ó fi lé òkè táyà: ó já bọ́.
Ó tún fi lé e.
Ó tún já bọ́.
“Pọ́tì ni,” ó ní, “pọ́tì àti ọ̀dà.”
Iyọ̀ òkun àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù
ti jẹ irin tán lábẹ́lẹ̀,
ẹnìkan wá fi àtíkè bo ojú òkú.

Owó ìbánigbófò dé, ó ju owó ọkọ̀ lọ.
Ilé-iṣẹ́ tó ń ta bíréèkì rẹ̀ ò bi wá pé èló la rà á.
Ẹṣin tí a fi owó àgùntàn rà,
oúnjẹ ẹṣin ló ń jẹ.
Nígbà tó di oṣù Òkúdù, lórí òkè kan nítòsí Cullen,
bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì já.
Ìró kan ṣoṣo, bí ìgbà tí àwo bọ́ lọ́wọ́ ẹni,
lẹ́yìn náà, kìkì afẹ́fẹ́.
Egbèje pọ́n-ùn ni Wattie pè é, ó sì bojú wolẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.
Lọ́jọ́ tí a rà á, a ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn
nínú òtútù tó ń gé etí.
Òkun wà lápá òsì mi, láti Buckie títí dé Banff.
Innes tẹ iná mọ́ ọn,
ọwọ́ tó ń rùn bí ẹja fún ọdún méjìdínlógún
kò rùn mọ́, tàbí afẹ́fẹ́ ló gbé òórùn náà lọ.
Ó pariwo orúkọ ìyá wa sí ojú omi.
N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a sin ín.

Ọkọ̀ náà ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ tapólì.
Innes ń gbé búrẹ́dì káàkiri báyìí, nínú ọkọ̀ ẹlòmíì.
Kó tó lọ láràárọ̀, á ṣí igun tapólì,
á fi àpá ẹ̀wù nu iná iwájú.

Lánàá ó bi mí, kò wojú mi:
“Ǹjẹ́ o fura sí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn?”
Mo ní, “Nǹkan bíi kí ni?”
Mo ki ọwọ́ bọ àpò.